Ẹ Má Di Ẹ̀bi Ọ̀fìnkìn Ọmọ Yín Ru Òkè Ọya

Ẹ̀yin ará wa, ọmọ káàárọ̀-oò-jíire tí ń bẹ ní Àbújá àti gbogbo agbègbè rẹ̀, láti Gwagwalada dé Bwari, láti Kubwa dé Nyanya àti Karu, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ti owó ẹgbẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ẹni tí yóò jẹ alága. Ọ̀rọ̀ imú àwọn ọmọ wa ni. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rẹ́rìn-ín pé àgbàlagbà kò rí ohun mìíràn kọ sínú ìwé ẹgbẹ́ ju ọ̀rọ̀ ikun imú lọ, kí ó rẹ́rìn-ín tán, kí ó sì kà á dé ìparí.

Ẹ wo inú ilé wa. Ọmọ yóò jí ní òwúrọ̀. Kí ó tó kí bàbá àti ìyá rẹ̀, yóò ti sín lẹ́ẹ̀mẹ́fà, lẹ́ẹ̀méje. Omi tí ó mọ́ gaara yóò máa ṣàn ní imú rẹ̀ bí ẹ̀rọ omi tí a kò tì dáadáa. Imú yóò máa yún un, ojú yóò máa yún un, ọ̀nà ọ̀fun pàápàá yóò máa yún un. Yóò máa fi àtẹ́lẹwọ́ ti imú sókè títí ilà kékeré kan yóò fi là sí orí imú náà ní ìbú. Abẹ́ ojú rẹ̀ yóò dúdú bí ti ẹni tí kò sùn. Ní òru, ẹnu rẹ̀ yóò ṣí sílẹ̀, yóò máa hanrun bí àgbàlagbà. Ara rẹ̀ kò gbóná, kò ní ibà, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan ń kọjá, oṣù méjì ń kọjá, nǹkan náà kò lọ.

Kí ni àwa ń ṣe sí i? A ń pè é ní ọ̀bùn. A ń gbá a lọ́wọ́ pé kí ó yé fi ọwọ́ nu imú. Bàbá yóò yíjú sí ìyá, yóò ní omi tútù ni ó fi wẹ ọmọ. Ìyá ọkọ yóò ti ìlú òkè wá, yóò ní ìyàwó òde òní kò mọ ọmọ tọ́jú. Àwọn mìíràn yóò ní kò sí nǹkan kan, pé ọmọdé wo ni kò ní ikun nímú? Àwọn tí ó gbọ́n jù nínú wa yóò wá sọ gbólóhùn tí ó ti di orin láàrin àwa tí a ti ilé wá: wọ́n ní afẹ́fẹ́ Òkè Ọya ni kò gba ọmọ Yorùbá, kí a gbé ọmọ náà lọ fún ìyá àgbà ní ilé.

Àwa sọ ọ́ láìfi bọ̀ pé kò sí òótọ́ nínú gbogbo rẹ̀, àti pé irọ́ tí a ń pa fún ara wa yìí ń ṣe àwọn ọmọ wa ní ibi.

Àìsàn ni ohun tí ń ṣe ọmọ náà. Ó ní orúkọ, ó sì ní ìtọ́jú. Allergic rhinitis ni àwọn dókítà ń pè é. Ní tiwa, ẹ jẹ́ kí a pè é ní ọ̀fìnkìn àìbáramu, nítorí pé ohun kan tí ọmọ náà ń fà símú ni kò bá a lára mu. Ọ̀rọ̀ náà allergy, tí àwọn ọmọ wa ń pè ní àlẹ́jì, Clemens von Pirquet, dókítà ọmọdé kan ní ìlú Vienna, ni ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 1906. Ní ọdún 1966, tọkọtaya onímọ̀ ará Japan kan tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, Kimishige àti Teruko Ishizaka, rí ohun tí ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀ tí ó ń dá ọ̀ràn náà sílẹ̀. IgE ni a ń pè é.

Bí ó ti ń ṣe nìyí. Gbogbo wa ní Àbújá ni a mọ mẹ́gáàdì. Mẹ́gáàdì tí ó dára a máa mọ olè yàtọ̀ sí àlejò. Ṣùgbọ́n bí mẹ́gáàdì kan bá wà tí ó rí ọmọ tí ń ta búrẹ́dì lẹ́nu géètì, tí ó fọn fèrè, tí ó ké sí gbogbo àdúgbò, tí ó da omi sí gbogbo ọ̀nà pé olè dé, ta ni ó ba ilé jẹ́? Kì í ṣe ọmọ oníbúrẹ́dì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ara ọmọ tí ń sín yìí. Eruku tí kò pa ẹlòmíràn lára ni ara rẹ̀ kà sí ọ̀tá. IgE ni mẹ́gáàdì tí ó fọn fèrè. Omi imú, yíyún àti sísín ni ariwo rẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀bùn, kò sì ràn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè bá a ṣeré, wọ́n sì lè bá a jẹun. Ó a sì máa tẹ̀lé ìdílé: bí bàbá tàbí ìyá bá ní ikọ́ fée tí a ń pè ní ásímà, tàbí tí imú tiwọn náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó súnmọ́ pé kí ọmọ ní in. Ìyàwó tí ẹ ń bú nítorí omi tútù kò jẹ̀bi kankan. Ẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá sórí ọ̀rọ̀ Òkè Ọya, nítorí òun ni ó ń dùn wá jùlọ.

Ìgbìmọ̀ tí ó yan ilẹ̀ yìí fún olú-ìlú, Adájọ́ Akinola Aguda, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, ni ó ṣe alága rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìlera àti ojú ọjọ́ wà lára ohun tí wọ́n gbé yẹ̀ wò kí wọ́n tó sọ pé ibí ni. Ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976 ni ìjọba Murtala Muhammed fi òfin dá a sílẹ̀, ọjọ́ 12 oṣù kejìlá ọdún 1991 sì ni ìjọba àpapọ̀ kó kúrò ní Èkó wá síbí. Ọ̀pọ̀ nínú wa tẹ̀lé iṣẹ́ ìjọba wá, ọ̀pọ̀ tẹ̀lé òwò. Àwọn Gbagyi tí a bá níbí ń bí ọmọ, ọmọ tiwọn náà ń sín. Kò sí afẹ́fẹ́ kan tí ó ń bèèrè ẹ̀yà ọmọ kí ó tó wọ inú imú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń gbé ọmọ lọ sí ilé nítorí ọ̀fìnkìn, ẹ gbọ́ èyí. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn onímọ̀ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ orílẹ̀-èdè pa ọwọ́ pọ̀ láti bi àwọn ọmọ ilé-ìwé léèrè nípa ikọ́ fée, nípa imú àti nípa awọ ara tí ń yún. ISAAC ni wọ́n ń pe ìwádìí náà. Ìbàdàn ni wọ́n ti ṣe ti Nàìjíríà. Nígbà tí wọ́n ka èsì, iye àwọn ọmọ ọdún 13 àti 14 ní Ìbàdàn tí wọ́n sọ pé imú ń yọ àwọn lẹ́nu, tí ojú sì ń yún wọn pẹ̀lú, wà lára èyí tí ó ga jùlọ ní gbogbo ibi tí wọ́n ṣe ìwádìí náà dé ní àgbáyé. Ìbàdàn ni o, kì í ṣe Kánò, kì í ṣe Sókótó. Ilé ìyá àgbà gan-an tí ẹ ń gbé ọmọ sá lọ ni.

A kò sọ pé ọyẹ́ kò ní ẹ̀bi tirẹ̀. Láti ìparí oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì ni ó ń gbé eruku aṣálẹ̀ wá, èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ láti àfonífojì Bodélé ní ilẹ̀ Chad, tí ó sì ń gbẹ imú àti ètè gbogbo wa. Ọmọ tí imú rẹ̀ ti ń yún tẹ́lẹ̀ yóò jìyà rẹ̀ ju ẹlòmíràn lọ. Eruku ọ̀nà tí a kò da ọ̀dà sí àti ti ilé tí a ń kọ́ káàkiri Àbújá náà kò ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ń sín nínú oṣù keje, nígbà tí òjò ń rọ̀ tí ilẹ̀ sì tutù, ṣé ọyẹ́ náà nìyẹn? Àwọn àgbà ní kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó wà. Inú ilé wa ni ẹ jẹ́ kí a wò.

Nínú mátíràsì, nínú ìrọ̀rí, nínú kápẹ́ẹ̀tì àti àga onítìmùtìmù, kòkòrò kan wà tí ojú lásán kò lè rí. Epo ara wa tí ń bó sílẹ̀ bí lẹ́búlẹ́bú ni oúnjẹ rẹ̀, ìgbẹ́ rẹ̀ sì ni ọmọ ń fà símú ní gbogbo òru. Ọ̀rinrin ni ó fẹ́ràn. Ìdí nìyí tí ìgbà òjò fi ń tù ú lára, tí ilẹ̀ olójò ti ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún sì fi tẹ́ ẹ lọ́rùn ju ibí lọ. Ó tún ku aáyán, ohun dúdú tí ń hù sára ògiri tí omi ń rin, irun ajá àti ti ológbò, àti lẹ́bú tí afẹ́fẹ́ ń gbé láti ara òdòdó àti koríko. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni èéfín: ti jẹnẹrétọ̀ tí a gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ti sìgá, ti igi ìdáná, ti kẹrosíìnì àti ti oògùn ẹ̀fọn tí a ń tanná sí mọ́jú.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ má bínú sí wa bí a bá sọ òótọ́. Àwa Yorùbá fẹ́ràn iyì. Yàrá kan àti pálọ̀ ni a gbà, ṣùgbọ́n kápẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ bo gbogbo ilẹ̀ láti ògiri dé ògiri, kọ́tìnnì gbọ́dọ̀ nípọn ní ìpele méjì, kí àlejò lè mọ̀ pé a rí ṣe. A kì í ká kápẹ́ẹ̀tì náà sá sóòrùn láti ọdún dé ọdún. Orí rẹ̀ ni a ń tẹ́ àwọn ọmọ sí ní alẹ́. Nígbà tí ó bá di òwúrọ̀, ọmọ tí ó ń sín gan-an ni a óò gbé ìgbálẹ̀ lé lọ́wọ́ pé kí ó gbálẹ̀, nítorí pé ọmọ tí a kọ́ dáadáa ni í gbálẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Yóò gbá eruku náà sókè, yóò fà á símú, yóò sì gbé imú dídí lọ sí ilé-ìwé. Níbẹ̀ ni tíṣà yóò ti tún fún un ní ìgbálẹ̀ mìíràn nítorí pé ó pẹ́ dé. Kí ni ó mú un pẹ́? Kò sùn dáadáa ni, nítorí pé imú rẹ̀ dí.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ikun lásán. Ọmọ tí kò sùn kò lè gbọ́ ohun tí tíṣà ń wí. Imú tí ó dí pẹ́ lè jẹ́ kí omi sé sẹ́yìn ìlù etí, etí yóò sì wúwo; a óò wá ní olórí kunkun ni, kì í dáhùn bí a bá pè é. Ní ọdún 1999, àwọn onímọ̀ pàdé pẹ̀lú Àjọ Ìlera Àgbáyé, láti ibẹ̀ ni ètò tí wọ́n ń pè ní ARIA sì ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn dókítà ni pé ọ̀nà kan náà ni imú àti ẹ̀dọ̀fóró. Kì í ṣe gbogbo ọmọ tí ń sín ni yóò ní ásímà, ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó ní ásímà ni imú ń yọ lẹ́nu pẹ̀lú, imú tí a kò sì tọ́jú máa ń mú kí ásímà ṣòro láti kápá. Ásímà ń pa ènìyàn. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Ẹ̀wẹ̀, àwọn kan nínú wa kì í dákẹ́. Oògùn ni wọ́n ń rà. Oògùn wo? Èyí tí ọmọdékùnrin tí ń jókòó ti ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì bá nawọ́ mú. Yóò fún wọn ní kápúsù tí ó wà fún àìsàn kòkòrò, nígbà tí ọ̀fìnkìn yìí kì í ṣe ti kòkòrò rárá. Yóò fún wọn ní chlorpheniramine tí gbogbo wa mọ̀ sí Piriton. Ọmọ yóò sùn, inú òbí yóò dùn pé ara tù ú, bẹ́ẹ̀ ni orí àga ilé-ìwé ni yóò ti máa tòògbé lọ́jọ́ kejì. Yóò fún wọn ní oògùn tí a ń kán sí imú kí ó lè là. Bí a bá lo irú rẹ̀ kọjá ọjọ́ mélòó kan, imú yóò tún dí ju ti ìṣáájú lọ, òbí yóò sì lọ ra ìgò kejì. Ẹ kò ha ti gbàgbé ọdún 2008, nígbà tí omi oògùn eyín tí wọ́n ń pè ní My Pikin, tí májèlé diethylene glycol wà nínú rẹ̀, pa àwọn ọmọ tí ó lé ní 80 ní Nàìjíríà? Ní ọdún 2022 ńkọ́, ní ilẹ̀ Gáḿbíà, tí omi oògùn ikọ́ àti ọ̀fìnkìn gan-an pa àwọn ọmọ tí ó lé ní 60? Igo oògùn kì í ṣe igo mínírà tí a kàn ń rà lẹ́bàá ọ̀nà.

Àwọn mìíràn yóò ní, òrí ni àwọn baba wa ń fi pa imú ọmọ. A kò kẹ́gàn òrí. Ní ọdún 1979, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ A. Tella kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ oògùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé òrí la imú àwọn tí òun fi dán an wò. Ìwádìí kékeré ni, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé àwọn baba wa kì í ṣe òmùgọ̀. Síbẹ̀, kí imú là fún wákàtí díẹ̀ kò dá mẹ́gáàdì tí ń fọn fèrè dúró. Kí a fi òrí pa imú níta kò burú. Ṣùgbọ́n kí a da òróró tàbí epo sí ihò imú ọmọ ọwọ́ léwu púpọ̀, nítorí ó lè gba ibẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ohun tí ó tọ́. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò ní yàrá tí ọmọ ń sùn. Ẹ fi omi gbígbóná fọ aṣọ ibùsùn àti àpò ìrọ̀rí rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ fi rọ́bà bo mátíràsì rẹ̀, ẹ máa sá a sóòrùn. Oòrùn Àbújá kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ fi aṣọ tútù nu ilẹ̀ dípò ìgbálẹ̀ gbígbẹ, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe é nígbà tí ọmọ náà kò sí nínú yàrá. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ilé, ẹni tí ń mu sìgá kí ó jáde, ẹ sì fi àpò ẹ̀fọn rọ́pò oògùn ẹ̀fọn eléèéfín.

Bí èyí kò bá tó, ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n wà ní Kubwa, ní Nyanya, ní Wuse, ní Asokoro. Ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì wà ní Gwagwalada, National Hospital sì wà láàrin ìgboro. Oògùn wà tí kì í mú ọmọ tòògbé bíi ti àtijọ́, cetirizine àti loratadine lára rẹ̀. Oògùn tí a ń fín sí imú lójoojúmọ́ wà pẹ̀lú, tí ó ń dá ariwo náà dúró láti orísun rẹ̀. Dókítà ni yóò sọ ìwọ̀n tí ó yẹ ọjọ́ orí ọmọ, kò sì ní ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan, nítorí náà kí ẹ má jù ú nù ní ọjọ́ kejì. Ẹ mọ èyí pẹ̀lú: bí ihò imú kan ṣoṣo bá ń rùn, tí ó ń da ọyún, ó lè jẹ́ pé ọmọ ti ki ẹ̀wà tàbí ìlẹ̀kẹ̀ bọ ibẹ̀. Bí ọmọ bá sì ń mí pẹ̀lú ìnira, tí àyà rẹ̀ ń dún fée, tí egbò ìhà rẹ̀ ń wọlé bí ó ti ń mí, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́.

Nípa ti ẹgbẹ́ wa, a kò ní fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán sílẹ̀. Ohun mẹ́ta ni a ń bèèrè. Èkíní, kí ẹ̀ka wa ya wákàtí kan sọ́tọ̀ nínú ìpàdé kí ọyẹ́ tó dé, kí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa wá bá àwọn òbí sọ̀rọ̀ ní Yorùbá tí ó yé yékéyéké. Èkejì, kí a mú díẹ̀ nínú owó ìrànlọ́wọ́ wa, èyí tí a ń fi ṣe òkú lọ́dọọdún, kí a fi ran àwọn òbí tí kò lágbára lọ́wọ́ láti gba káàdì ilé ìwòsàn fún ọmọ. Ẹgbẹ́ tí ń ra ankará fún ìsìnkú tí kò lè ra ẹ̀mí fún alààyè, kí ni a fẹ́ kí ó máa jẹ́? Ẹ̀kẹta, kí a kọ ìwé sí àwọn ọ̀gá ilé-ìwé tí àwọn ọmọ wa ń lọ, pé kí wọ́n má ṣe fi ìgbálẹ̀ jẹ ọmọ tí imú rẹ̀ ń ṣàìsàn níyà mọ́.

Àìsàn ni à á wò, a kì í wo ikú. A ti fi ọdún púpọ̀ gbé ẹ̀bi ilé wa lé afẹ́fẹ́ Òkè Ọya lórí, afẹ́fẹ́ kò sì lè fèsì. Ní alẹ́ òní, kí olúkúlùkù wa lọ gbé etí sí ibi tí ọmọ rẹ̀ ń sùn, kí ó gbọ́ bí ó ti ń mí. Lẹ́yìn náà kí ó gbé orí kápẹ́ẹ̀tì sókè, kí ó wo ohun tí ń bẹ lábẹ́ rẹ̀.

Àwa ni tiyín nínú iṣẹ́ ẹgbẹ́,
Àwọn Olóòtú.